Ẹ̀rọ Tó Ń Wo Odò, Tó Ń Kìlọ̀ Kí Omíyalé Tó Dé

Fún àdúgbò etí odò bí Ògùnpa, tó ya bo Ìbàdàn ní oṣù Kẹjọ 1980, ẹ de JSN-SR04T, sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìró wọn bí omi ṣe jìnnà sí i, mọ́ abẹ́ afárá lápá òkè odò, kó kọjú sí omi gbọnrangandan. Kó fi sẹ̀ǹtímítà 50 ga ju ibi tí omi ga dé rí: kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi 25 lọ, irọ́ ló máa ń pa níbẹ̀.

Ẹ so ó mọ́ ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi resistor (ẹ̀yà tó ń dín iná kù) 1kΩ àti 2kΩ dín fóltì 5 tó ń ti echo, ẹsẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ fi ń dáhùn, wá kù.

SIM800L, ẹ̀yà tó ń fi SIM ránṣẹ́ sí fóònù àwọn ará àdúgbò, ló ń dààmú ènìyàn jù. Bó bá ń ránṣẹ́, ó lè fa iná tó 2A lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná kò bá tó, á kú, á tún tàn, àtẹ̀jíṣẹ́ ò ní lọ. Bátìrì lithium 3.7V ni kẹ́ ẹ fún un tààrà, pẹ̀lú capacitor 1000µF (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́) nídìí rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ SMS ni kẹ́ ẹ lò; ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé dátà.

Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kó wọn omi lẹ́ẹ̀márùn-ún léraléra, kó to iye wọn láti kékeré dé ńlá, kó sì mú èyí tó wà láàárín. Ìdí ni pé ẹ̀ka igi tó léfòó máa ń tàn án jẹ. Ìkìlọ̀ méjì ló tó: “Ẹ palẹ̀ mọ́”, lẹ́yìn náà “Ẹ jáde báyìí”, pẹ̀lú orúkọ ibi gíga tí wọn yóò lọ. Ẹ fi fèrè kún un fún ẹni tí kò ní fóònù, kí ẹ sì máa rí i pé owó wà lórí SIM.