Bí Mo Ṣe Fi Ṣúgà àti Ọsàn Wẹ́wẹ́ Tu Irun Abẹ́ Mi Nílé

Ọdún 13 gbáko ni mo fi ń fi abẹ́fẹ́lẹ́ fá irun abẹ́ mi, láti ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó mi tí ìyá àgbà mi ti pè mí wọ yàrá, tí wọ́n sì fi yé mi pé mùsùlùmí kì í jẹ́ kí irun abẹ́ àti irun abíyá kọjá 40 ọjọ́ láì mú un kúrò. Ohun tí wọn kò sọ fún mi ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn fífá. Bí ọjọ́ kẹta bá ti pé, gbogbo ibi tí itan ti pàdé abẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hún mi, ìléròrò wẹ́wẹ́ yóò sọ jáde, àwọn mìíràn nínú wọn yóò gba ọyún, ibi tí wọ́n bá sì ti gbẹ yóò dúdú ju awọ tó yí i ká lọ. Mo ń ta aṣọ ní ọjà, orí àpótí ni mo sì ń jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó lórí àpótí pẹ̀lú eéwo ní abẹ́ kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí mo fojú rí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo wá fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ níkẹyìn. Mo rò pé oògùn ni yóò kọ fún mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀: “Kí lo fi ń fá a?” Nígbà tí mo dá a lóhùn, ó mi orí. Ó ní irun àwa adúláwọ̀ kì í nà tààrà, kíká ni ó ń ká, àti pé bí abẹ́fẹ́lẹ́ bá gé irun bẹ́ẹ̀, ẹnu ibi tó ti gé e máa ń mú ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Bí irun náà bá tún ń hù padà, yóò tẹ̀ kọrọdọ, yóò sì gún awọ ara wọlé dípò kó jáde síta. Ara kò mọ̀ pé irun òun fúnra òun ni. Ó kà á sí ẹ̀gún tó wọlé, ó sì ń bá a jà, ìjà náà ni mo ń pè ní ìléròrò láti gbogbo ọdún yìí wá.

Ó tún sọ ohun kan tí n kò gbọ́ rí. Ó ní irun abẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí, ó ń dènà kí awọ máa ha ara wọn, kò sì sí òfin ìlera kankan tó ní dandan ni kí obìnrin mú un kúrò. “Bí o bá fi àlùmọ́gàjí gé e kúrú, tí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí dókítà tí yóò bá ọ wí.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀sìn ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mo lọ bá ìyàwó àáfà àdúgbò wa, wọ́n sì fi yé mi pé mímú irun náà kúrò ni a ń wá, ohun yòówù tó bá rọ ènìyàn lọ́rùn, yálà abẹ́fẹ́lẹ́, ọṣẹ tó ń mú irun jẹrà tàbí fífà á tu, kò sí èyí tó léèwọ̀. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kí n má ṣe máa ṣí ìhòòhò mi fún obìnrin mìíràn láìnídìí. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó padà pinnu ọ̀nà tí mo gbà.

Mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú àwọn nǹkan mìíràn ná. Ìpara tó ń mú irun jẹrà ni mo fi ṣíwájú. Òórùn rẹ̀ dà bí ẹyin tó bàjẹ́, nítorí pé èròjà tó ń já okùn inú irun ní ìmí ọjọ́ nínú. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, irun náà yọ́ bí okùn tó jẹrà, n kò sì fi í sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ibi tó ta sí etí ojú ara gan-an jó mi bí ẹni pé ata ni mo fi pa á. Mo béèrè nípa iná lésà náà, ìyẹn iná tí wọ́n ń tàn sí ara láti pa irun láti ìdí rẹ̀. Nǹkan dúdú inú irun ni iná yẹn ń wá kiri, bí awọ ara ènìyàn bá sì dúdú, iná náà lè ṣi awọ mú kó sì jó o, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń lo oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG fún àwa adúláwọ̀, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 1064 nánómítà, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣi awọ mú. Ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó, ènìyàn ní láti lọ léraléra. Àpò mi kò gbà á.

Ó wá ku ìda, èyí tí wọ́n ń yọ́ lórí iná, tí wọ́n ń tẹ́ sórí irun, tí wọ́n sì ń já kúrò pẹ̀lú irun náà. Mo lọ sí ilé ìṣaralóge kan tí aládùúgbò mi júwe. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bi mí bóyá “bikini” ni mo fẹ́ tàbí “Brazilian”, mo sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń sọ èdè Ṣáínà sí. Ó ṣàlàyé pé èyí àkọ́kọ́ ni kí wọ́n mú etí rẹ̀ nìkan, èyí tó lè yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátá, àti pé èkejì ni kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò níwájú dé ẹ̀yìn, bí ènìyàn bá sì fẹ́, kí wọ́n fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ níwájú. Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé àwọn obìnrin Brazil méje kan, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, tí lẹ́tà J sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo wọn, ni wọ́n sọ àrà yìí di olókìkí ní ilé ìṣaralóge tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Manhattan ní 1987. Kí n tó bọ́ aṣọ, mo rí ọmọbìnrin náà tó fi igi pẹlẹbẹ tó ti kan ara oníbàárà tó ń jáde lọ padà sínú ìkòkò ìda tó wà lórí iná. Ìkòkò kan náà ni yóò bu tèmi nínú rẹ̀. Mo ní mo gbàgbé fóònù mi sílé, mo jáde, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Igi kan fún ìfàtu kan ni ó yẹ, kí wọ́n sì sọ ọ́ nù.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti gbé ní Káírò fún ọdún mélòó kan ni ó gbà mí. Ó ní àwọn obìnrin ilẹ̀ Íjíbítì kì í dààmú ara wọn pẹ̀lú ìda, ṣúgà ni wọ́n ń sè, wọ́n sì ń pè é ní halawa, ìyẹn ohun dídùn. Èlò rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ṣúgà ife 2, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ìdá mẹ́rin ife, àti omi lásán ìdá mẹ́rin ife. Omi ọsàn náà ni kì í jẹ́ kí ṣúgà padà dì ní hóró hóró.

Kí n tó dáná, mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko láìfá a, kí irun náà lè gùn tó hóró ìrẹsì kan. Bó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣúgà kò ní rí i dì mú; bó bá gùn jù, yóò dunni ju bó ti yẹ lọ, àlùmọ́gàjí ni a sì fi ń gé e wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti bi mí ní àwọn ìbéèrè kan kó tó gbà fún mi: ṣé mo ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣé mò ń lo oògùn ìléròrò tó ń jẹ́ isotretinoin, nítorí pé ẹni tó bá ń lò ó tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó tán lè bó awọ ara rẹ̀ mọ́ irun, ṣé ojú ọgbẹ́ mi máa ń wú ga lẹ́yìn tó bá san, ṣé egbò kankan sì wà níbẹ̀. Ó tún ní kí n yẹra fún ọjọ́ tí nǹkan oṣù mi bá kù díẹ̀, nítorí pé ara máa ń tètè dunni nígbà náà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ sè bàjẹ́. Mo gbé ìkòkò kaná, oníbàárà kan sì pè mí lórí fóònù nípa àńkárá, kí n tó padà dé, ṣúgà ti pọ́n kọjá pípọ́n, ó ti dúdú. Mo dà á sínú abọ́, ó tutù, ó sì le gbagidi. Baba dúdú ni mo sè, àgbọn nìkan ni kò sí nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí bí àwọn tó ń ṣe baba dúdú ṣe máa ń dán an wò. Ní ìgbà kejì, mo dúró ti ìkòkò náà, iná rẹ̀ kò pọ̀, mo gbé abọ́ omi tútù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ di ti oyin, mo kán díẹ̀ sínú omi náà. Àkọ́kọ́ tú ká. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, èyí tí mo kán di kókó kan tí ìka lè tẹ̀ pẹrẹsẹ láì fọ́, mo sì gbé e kúrò lórí iná kíákíá. Mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40 kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣúgà tó ń hó gbóná ju omi tó ń hó lọ gan-an, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó bá jó, nítorí náà ọrùn ọwọ́ ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò.

Mo lo paracetamol ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Mo wẹ̀, n kò fi òróró kankan para, mo nura gbẹ, mo bu àtíkè díẹ̀ síbẹ̀ kí òógùn má baà mú ṣúgà náà yọ̀. Mo tẹ́ aṣọ ìnura sílẹ̀, mo gbé dígí síwájú, mo ti ilẹ̀kùn. Mo bu ṣúgà náà tó obì kan, mo ń fà á, mo ń pò ó láàárín ìka títí ó fi funfun díẹ̀. Òdìkejì ibi tí irun dorí kọ ni mo tẹ́ ẹ sí, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì já a padà sí ibi tí irun dorí kọ. Ìda kò rí bẹ́ẹ̀: bí irun ṣe sùn ni a ń tẹ́ òun sí, òdìkejì sì ni a ń fà á sí.

Ìfàtu àkọ́kọ́ kọjá ohun tí mo rò. Omi jáde lójú mi. Àṣìṣe méjì ni mo ṣe: n kò fi ọwọ́ kejì na awọ náà dáadáa, mo sì fà á sókè bí ẹni ń fa èpò, dípò kí n fà á kó sún mọ́ ara pẹ́kípẹ́kí. Irun kò tu tán, ẹ̀jẹ̀ sì kú sí abẹ́ awọ, ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Láti ìgbà náà lọ, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń mú un, kò ju fífẹ̀ ìka méjì lọ, mo na awọ náà bí awọ ìlù, bí mo bá sì ti já a, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìrora náà kò lọ, àmọ́ ó ń tètè rọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó rí bí ojú abẹ́rẹ́ yọ níbi mélòó kan, èyí kò ṣàjèjì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi ni ooru. Wọ́n mú iná lọ láàárín iṣẹ́, fáànù dúró, kò sì pẹ́ tí ṣúgà náà fi rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ewédú, kò gbá nǹkan kan mú mọ́. Mo gbé abọ́ náà sínú omi tútù fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà bọ̀ sípò. Àǹfààní rẹ̀ lórí ìda nìyí pẹ̀lú: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni ó fi ń ṣí, yálà lára tàbí nílẹ̀.

Etí méjèèjì àti iwájú ni mo ṣe, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ó gbà mí. N kò fọwọ́ kan ètè ojú ara rárá, nítorí pé awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, n kò sì lè rí i dáadáa kí n nà án. Àlùmọ́gàjí kékeré tí ẹnu rẹ̀ kò mú ṣóńṣó ni mo fi gé ìyẹn kúrú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú ibẹ̀ kúrò, mo rò pé ọwọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ni ó yẹ kó wà.

Aṣọ tí mo rẹ sínú omi tútù ni mo fi lé e. Fún ọjọ́ méjì, pátá òwú tó tú díẹ̀ ni mo wọ̀, n kò fi lọ́fínńdà tàbí oògùn apakòkòrò líle kankan síbẹ̀, mo sì ti sọ fún bàálé mi pé ibẹ̀ wà ní ìsinmi. Ní ọjọ́ kẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kàn-ìn-kàn-ìn tó ti gbó rọra fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì ń fi òrí díẹ̀ pa á. Kò já sí pé ìléròrò kò wá rárá: mẹ́rin ni mo kà, níbi tí èmi ti máa ń ka ogún sí ọgbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fi abẹ́rẹ́ wa irun tó bá há sínú, aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná díẹ̀ ni kí n máa fi tẹ̀ ẹ́. Irun díẹ̀ yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé irun kì í hù lásìkò kan náà, àwọn kan ṣì wà lábẹ́ awọ lọ́jọ́ tí mo ń tu ìyókù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ó tó gùn bí hóró ìrẹsì padà, ìyẹn sì ṣì wà láàárín 40 ọjọ́ ti ìyá àgbà mi.

Ṣúgà tó ṣẹ́kù tí n kò tíì fọwọ́ kàn, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo sì gbé e sínú fíríìjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá bàálé mi nídìí tábìlì tó ń fi í pa búrẹ́dì. Ó ní, “Ìyá Fáwásì, oyin yìí mà kan díẹ̀. Níbo lẹ ti rà á?”