Bí mo ṣe so sẹ́ńsọ̀ mọ́ iná ọ́fíìsì alájà mẹ́ta

Sẹ́ńsọ̀ ni ohun tó ń tan iná fúnra rẹ̀ tí ènìyàn bá dé, tó sì ń pa á tí kò bá sí ẹnì kankan mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú, ibẹ̀ ni iná ti ń jó lásán jù. LED 24 ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wáàtì 36 níkọ̀ọ̀kan; àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 864. Tí wọ́n bá tàn fún wákàtí 12, ó ju yúníìtì 10 lọ lójúmọ́.

Mo pa bíréékà, mo fi tẹ́sítà dán an wò. Sẹ́ńsọ̀ ń fẹ́ live (wáyà tó ń gbé iná wá), neutral (èyí tí iná ń gbà padà), àti wáyà kan tí yóò lọ sára iná. Neutral kì í sábà sí nínú àpótí súìsì ara ògiri, nítorí náà orí sílíìn ni mo ti fà á. Ẹni tó bá fi wáyà earth (èyí tó ń lọ sínú ilẹ̀ fún ààbò) rọ́pò rẹ̀ ń fi ẹ̀mí ẹlòmíì ta tẹ́tẹ́.

Relay inú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn súìsì kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á, ló máa ń tètè bàjẹ́. Wọ́n lè kọ ampere 10 sí i lára, ṣùgbọ́n ti gílóòbù àtijọ́ nìyẹn. LED máa ń já iná gbà lójijì bó bá ṣe ń tàn. Tó bá pọ̀ jù, ẹnu relay á lẹ̀ pọ̀, iná ò ní kú mọ́. Mo wá jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ máa darí kọ́ńtákítọ̀ (súìsì ńlá tó lè gbé iná púpọ̀), kí kọ́ńtákítọ̀ máa gbé iná.

Ooru ara tó ń rìn ni PIR, ọ̀kan nínú irú sẹ́ńsọ̀, ń wò. Kì í ríran kọjá gíláàsì tàbí pátákó, ó sì ń tètè rí ẹni tó gba iwájú rẹ̀ kọjá ju ẹni tó ń bọ̀ tààrà lọ. Mo gbé e jìnnà sẹ́nu AC, kí atẹ́gùn ibẹ̀ má baà máa tàn án jẹ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n fi pátákó pín, sẹ́ńsọ̀ microwave, tó ń fi ìgbì rédíò tó ń la pátákó kọjá wá ohun tó ń rìn, ni mo fi síbẹ̀. Mo sì dín agbára rẹ̀ kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á máa rí ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn ògiri.

Àkókò tí iná á ṣì máa tàn lẹ́yìn tí sẹ́ńsọ̀ kò bá rí ẹnikẹ́ni mọ́, ìṣẹ́jú 5 ni mo yí i sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, 20 nínú ọ́fíìsì. Ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà kì í fi bẹ́ẹ̀ mira. Tí iná bá kú mọ́ ọn lórí lẹ́ẹ̀mejì, á ní kí oníná wá so ó ní tààrà, owó sẹ́ńsọ̀ ti wọgbó nìyẹn.

Tí wọ́n bá yí láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀, gbogbo iná á tàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, bí kò tilẹ̀ sí ẹnì kankan níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ló ń jí, kò bàjẹ́. Mo ti ṣàlàyé èyí fún ọlọ́dẹ.