Bí a ṣe ń ṣírò epo àti ìwúwo hẹlikọ́pítà tó ń lọ sórí òkun

Awakọ̀ tí epo tán mọ́ lọ́wọ́ ní Lágéré lè páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé epo. Òkun kò ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ àti Iléṣà tí ẹ ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ hẹlikọ́pítà ní Warri tàbí Port Harcourt, ẹ mú bébà àti bírò.

Ká ní ríìgì (ibi tí wọ́n ti ń wa epo láàárín òkun) tí à ń lọ jìnnà tó 100 máìlì ojú omi. Kìlómítà 185 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kéèyàn lọ Iléṣà láti Ifẹ̀ kó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ wa ń sáré máìlì 140 ní wákàtí, ó sì ń jó epo kílò 400 láàárín wákàtí kan. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Inú ìwé ọkọ̀ tí ẹ bá ń fò ni kí ẹ ti mú iye tiyín.

Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bó bá ń fẹ́ kò wá lójú ní máìlì 20, eré wa di 120, a ó fi ìṣẹ́jú 50 dé ibẹ̀. Ní àbọ̀ ó ń tì wá lẹ́yìn, eré di 160, ó gba ìṣẹ́jú 38. Àpapọ̀ jẹ́ 88. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ohun tí afẹ́fẹ́ gbà ní àlọ ni yóò dá padà ní àbọ̀. Irọ́ ni. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá, 86 ni ì bá jẹ́. A máa ń pẹ́ lọ́wọ́ èyí tó ń dí wa ju èyí tó ń tì wá lọ.

Ìṣẹ́jú 88 yóò jó kílò 587. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, 59, nítorí ojú ọjọ́. Ẹ fi 30 sí i fún títan ẹ́ńjìnnì àti rírìn nílẹ̀, àti 100 fún ìṣẹ́jú 15 lọ sí pápákọ̀ mìíràn bí ibi tí à ń bọ̀ bá ti dí. Lẹ́yìn náà ni epo àìfọwọ́kàn: kílò 200, ìyẹn ìṣẹ́jú 30 tí òfin àgbáyé ń béèrè bí a bá ń fi ojú irinṣẹ́ fò, tí a kò gbára lé ohun tí à ń rí níta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 976. Bí lítà kan bá wọn kílò 0.8, lítà 1,220 ni kí wọ́n bù sí i. Ẹ kọ “kílò” tàbí “pọ́n-ùn” sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1983 ni wọ́n ṣì méjèèjì mú fún ara wọn lórí bàlúù Air Canada kan, tí epo fi tán lófuurufú.

Ó wá kan ìwúwo. Ká ní kílò 6,400 ni òpin tí ọkọ̀ wa lè gbé gbéra, tí òun àti awakọ̀ méjì sì wọn 4,630. Ó ku 1,770. Ẹ yọ epo 946 kúrò (30 ti jó nílẹ̀), ó ku 824. Bí èrò kan, báàgì rẹ̀ àti ẹ̀wù agbẹ̀mílà rẹ̀ bá wọn 100, èèyàn mẹ́jọ péré ni, bí ìjókòó tilẹ̀ jẹ́ méjìlá. Bọ́ọ̀sì Iléṣà nìkan la ti ń sọ pé “ẹ sún mọ́ra”. Ẹ má sì bi èrò léèrè bó ṣe wúwo tó. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n tòun ti bàtà.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú rọ táǹkì kún kí ọkàn balẹ̀. Ẹrù ni epo náà. Bí ọkọ̀ bá wúwo jù tí ẹ́ńjìnnì kan sì kú bó ṣe ń gbéra lórí ríìgì, èyí tó kù kò ní lè gbé e. Oòrùn ọ̀sán tún ń dín agbára kù, nítorí náà ẹ wo iye tí ìwé fún yín ní ooru ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì wo tọ́ọ̀nù tí wọ́n kùn sórí pèpéle ríìgì tí à ń bà sí, ìyẹn ìwúwo tó lè gbà.

Bí ẹrù bá pọ̀ jù, báàgì ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀, lẹ́yìn náà èèyàn, kì í ṣe epo. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá dín epo kù ní kílò 100: ìṣẹ́jú 73 ni epo ìrìn tó kù, ibi tí a ti lè yí padà sílé yóò sì parí ní nǹkan bíi máìlì 83. Máìlì 17 tó kù, bí pèpéle bá dí, epo tí ẹ fi pamọ́ fún ojú ọjọ́ àti fún pápákọ̀ mìíràn ni ẹ ó máa jẹ bọ̀ wálé. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ pe ríìgì: ṣé pèpéle ṣí sílẹ̀, báwo ni afẹ́fẹ́ ọ̀hún? Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ yí padà.