Bí a ṣe ń fa tírélà kékeré lẹ́yìn ọkọ̀, láàárín òkè Abẹ́òkúta

Ilé bàbá wa wà ní Ìtòkú, lẹ́yìn àwọn aládìrẹ. Típà ò lè débẹ̀. Tí ẹ bá ra yanrìn, etí títì ni wọ́n á dà á sí, ẹ ó wá máa san owó alábàárù títí tí yóò fi ju owó yanrìn lọ. Nígbà tí a fẹ́ wó ilé ìdáná oníyẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, kí a sì pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà, mo ní kí wẹ́dà kan ní Láfẹ́ńwá bá mi jó tírélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí jíìpù mi lè fà. Kì í ṣe tírélà agbépo là ń wí o, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Tó bá dé ẹnu kọ̀rọ̀, a ó tú u lẹ́yìn ọkọ̀, ọmọkùnrin mẹ́ta á tì í wọlé.

Bàbá kan tó ti wakọ̀ fún àwọn sójà kó tó fẹ̀yìn tì ló kọ́ mi. Pápá ilé-ìwé kan ní Àsẹ̀rò la lọ lọ́jọ́ Sátidé, kò sì jẹ́ kí n gbé ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan sínú rẹ̀. Òfìfo ni ẹ ó fi kọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo orí ìsopọ̀. Bọ́ọ̀lù irin tó wà ní ìdí ọkọ̀ mi jẹ́ mìlímítà 50, ife irin tó bò ó lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ 50 náà. Tí wẹ́dà bá sọ pé “á ṣáà wọ̀ ọ́”, ẹ má gbà. Ife tó fẹ̀ jù á wọ̀ lóòótọ́, kòtò kan péré ló máa mú un fò jáde. Tí ẹ bá ti tì í pa, ẹ fi jáàkì gbé imú tírélà sókè díẹ̀. Tí ìdí ọkọ̀ bá bá a gòkè, ó ti mú nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣéènì méjèèjì kọjá ara wọn lábẹ́ imú náà, bí ẹni ká apá lérí. Tí bọ́ọ̀lù bá tú, orí ṣéènì ni imú máa bọ́ sí, kò ní gún ojú títì. Ẹ so wáyà iná, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn wò ó bí ẹ bá ti ń tẹ búrékì.

Ìfàsẹ́yìn ló gba omijé lójú mi. Bàbá ní kí n gbé ọwọ́ kúrò lókè sítíárìn, kí n dì í mú nísàlẹ̀ pátápátá. “Ibi tí ọwọ́ rẹ bá lọ nísàlẹ̀ yẹn, Ìyá Ìbejì, ibẹ̀ ni ìdí tírélà ń lọ.” Mo yí i díẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Mo fi kún un, ló bá ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ìgbọ̀nwọ́, ó kù díẹ̀ kí igun rẹ̀ kan bọ́ńpà. Mo ń bá a jà, bàbá ń pariwo, “Má bá a jà! Lọ síwájú kó nà, kí o tún un ṣe.” Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn: ẹ yí i díẹ̀, ẹ dúró kó fèsì, ẹ tètè dá sítíárìn padà. Tírélà kúkúrú bíi tèmi a sì máa yára ká ju èyí tó gùn lọ. Ọkọ mi tó bá wa lọ láti wá fi mí rẹ́rìn-ín ti sùn lọ kí n tó rí i ṣe.

Tí ẹ bá ń yà ní kọ̀rọ̀, ẹ lọ síwájú dáadáa kí ẹ tó yí i, torí ẹsẹ̀ tírélà máa ń gba inú ju ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ. Etí gọ́tà kan ní Sápọ́n mọ̀ mí dáadáa.

Ẹrù wá ńkọ́? Símẹ́ńtì àpò mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ gbé, kìlógíráàmù 500 nìyẹn. Àwọn ọmọ tó bá mi kó o tò ó sí ẹ̀yìn pátápátá torí ibẹ̀ ló súnmọ́ wọn. Mo ń ti Ọbáńtokò bọ̀, eré mi kò ju 60 lọ, ni tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí bí ajá tó rí olówó rẹ̀. Sítíárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ kan búrékì kí n tó rántí ohun tí bàbá sọ: gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, di sítíárìn mú gírígírí, má tẹ búrékì lójijì. Ó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo páàkì, a tún un tò: àpò mẹ́fà síwájú táyà, mẹ́rin sẹ́yìn. Nílé, mo gbé imú rẹ̀ lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń mọ̀ bóyá mo ti sanra sí i. Tírélà àti ẹrù jẹ́ bíi 750, imú sì wọn 75. Ìdá kan nínú mẹ́wàá, ohun tó dáa nìyẹn. Yanrìn odò tó bá mumi wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, ẹ má kún un. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín fún ìwọ̀n tó lè fà. Tó bá jẹ́ àlàpà lẹ fẹ́ kó dànù, ẹ fi tàpólì bò ó.

Tírélà mi ò ní búrékì tirẹ̀, ọkọ̀ nìkan ló ń dá a dúró. Tí mo bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, mo ti wọ jíà kejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, mo sì ń fi àlàfo ńlá sílẹ̀ níwájú mi. Àwọn ọlọ́kadà á wọ inú àlàfo yẹn. Ẹ tún fi òmíràn sílẹ̀.

Kí ẹ tó tú u lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ fi òkúta há táyà rẹ̀ méjèèjì. Òkúta ò kúkú wọ́n wa ní ìlú yìí. Ẹ sì ti igi bọ abẹ́ ìdí rẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù. Èmi ò ti igi kankan bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan fò gun ìdí tírélà, imú rẹ̀ ta sókè, ó sì gbé okùn tí ìyá ilé kejì sá àdìrẹ sí. Aṣọ mẹ́rin ló bọ́ sínú yanrìn. Èmi àti ọmọkùnrin yẹn la jọ fọ̀ wọ́n.