Bí Mo Ṣe Gba Lẹ́tà Yorùbá Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Asẹ́ Ímeèlì

Ní ilé ìtẹ̀wé kékeré tí mo ti ń ṣe olóòtú ní Ìbàdàn, orí ímeèlì ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí wa. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta ló pè mí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ti fi ìtàn àròsọ àwọn ránṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá àwọn lóhùn. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà, kò sí ohun tó dé ọwọ́ wa.” Wọ́n ní, “Ó dáa, ẹ lọ wo ibi tí ẹ ń da pàǹtírí sí.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú àpò Spam, láàárín ìpolówó oògùn àti tẹ́tẹ́, mo bá lẹ́tà 14 tó jọ ti òǹkọ̀wé, èdè Yorùbá sì ni gbogbo wọn. Àwọn tó kọ Gẹ̀ẹ́sì sí wa kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà tó bá ti lo ọjọ́ 30 nínú àpò yẹn ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá wa gba ímeèlì, máa ń pa rẹ́, nítorí náà n kò fẹ́ ro iye tó ti lọ ṣáájú. Mo tẹ bọ́tìnì pé wọn kì í ṣe spam, wọ́n sì padà sáàárín àwọn lẹ́tà yòókù, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, lẹ́tà Yorùbá mìíràn tún ti há síbẹ̀. Thunderbird ni mo fi ń ka ímeèlì, asẹ́ (ètò tó ń ya spam sọ́tọ̀) tó wà nínú kọ̀ǹpútà tèmi nìkan sì ni bọ́tìnì rẹ̀ ń kọ́. Asẹ́ tó wà lórí sáfà kò gbọ́ ohun kan.

Mo wá kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó sáfà tí a yá, mo sì tàtaré lẹ́tà Bàbá sí wọn. Wọ́n ní àwọn kò rí ohun tí àwọn lè ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹ̀bi mi sì ni. Bí èèyàn bá tàtaré lẹ́tà bí a ṣe sábà ń ṣe é, lẹ́tà tuntun ló kọ yẹn: àdírẹ́sì tirẹ̀ ni yóò wà lórí rẹ̀, àwọn ìlà tó ń sọ sáfà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ gbà kọjá àti máàkì tí asẹ́ fún un yóò sì ti dàwátì. Ẹjọ́ ni mo gbé lọ láìmú ẹlẹ́rìí dání.

Mo padà sídìí lẹ́tà náà, mo tẹ Ctrl àti U pọ̀, gbogbo ìlà tí ojú kì í rí sì hàn. Lórí èyí tí wọ́n pè ní X-Spam-Status ni mo ti rí i pé SpamAssassin ni asẹ́ náà, pé lẹ́tà tó bá gba máàkì 5.0 ni yóò kà sí spam, àti pé ti Bàbá gba 6.4. Máàkì 2.8 nínú rẹ̀ wá láti ara òfin kan tó ń jẹ́ UNWANTED_LANGUAGE_BODY, ìyẹn ni pé èdè tí a kò fẹ́ ni wọ́n fi kọ lẹ́tà. 3.7 wá láti ara ẹ̀kọ́ tí asẹ́ ti kọ́ nípa ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, ìdámẹ́wàá máàkì kan péré ni wọ́n sì yọ nítorí pé ìfọwọ́sí DKIM rẹ̀, èyí tó ń jẹ́rìí sí ibi tí lẹ́tà ti wá, péye.

Kí n tó kó àwọn lẹ́tà 14 náà ránṣẹ́ sí wọn, mo yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí a bá fi lẹ́tà oníjìbìtì kún àwọn tí a ní kí asẹ́ dá sílẹ̀, a ti ṣílẹ̀kùn fún olè nìyẹn. Ọ̀kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó lo orúkọ òǹkọ̀wé wa kan, ó ní kí a máa san owó ìwé sínú àkáǹtì tuntun. Yorùbá rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n SPF rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá sáfà tó fi í ránṣẹ́ ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀, kùnà, àdírẹ́sì tí èsì yóò sì lọ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ní òun kọ ọ́. Mo dá a padà sínú àpò Spam. Òmíràn ní nọ́ńbà báǹkì òǹkọ̀wé nínú, n kò sì fi ránṣẹ́. Ó ku 12.

Mo tọ́jú wọn bí fáìlì .eml, tí gbogbo ìlà tó fara sin ṣì wà nínú rẹ̀, mo so wọ́n mọ́ lẹ́tà ẹ̀sùn. Àṣé asẹ́ náà yóò mú lẹ́tà ẹ̀sùn pẹ̀lú! Ìgbà tí mo dì wọ́n sínú zip tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, tí mo sì pe ọ̀rọ̀ náà fún wọn lórí fóònù, ni wọ́n tó rí i gbà.

Èsì wọn dójú tì mí. Lórí fọ́ọ̀mù tí a kọ nígbà tí a yá sáfà, wọ́n béèrè èdè tí a fi ń ṣiṣẹ́, àwa ilé ìtẹ̀wé Yorùbá sì kọ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá gan-an kò sí lára àwọn èdè tí TextCat, ẹ̀yà asẹ́ náà tó ń dá èdè mọ̀, ní lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí náà wọn kò lè fi kún un. Gbogbo èdè ni wọ́n gbà wọlé. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé ní òròòru ni sáfà ń fi ohun tó bá wà nínú àpò Spam kọ́ asẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo oṣù tí a kò fi wo ibẹ̀, à ń bá a fọwọ́ sí i pé pàǹtírí ni èdè wa. Wọ́n fi lẹ́tà 12 náà tún un kọ́ pẹ̀lú àṣẹ sa-learn --ham, èyí tó ń sọ fún asẹ́ pé lẹ́tà gidi ni wọ́n. Wọ́n dábàá pé kí àwọn kúkú kọ àdírẹ́sì Bàbá sínú ìwé àwọn tí a gbà láàyè, ṣùgbọ́n mo kọ̀, torí kì í ṣe Bàbá nìkan ni yóò kọ Yorùbá sí wa.

Bàbá fi ìtàn wọn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Máàkì 0.7 ló gbà. Mo pè wọ́n tayọ̀tayọ̀ láti sọ fún wọn, wọ́n sì béèrè pé orí mélòó ni mo ti kà.