Bí mo ṣe gba àwòrán inú mi padà kí n tó fi ṣe àdìrẹ

₦40,000 ni mo yà sọ́tọ̀ fún aṣọ mẹ́ta. ₦97,500 ló bá a lọ, ohun tí mo sì rò pé màá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta parí, ó lé ní oṣù méjì. Kì í ṣe aró ló jẹ owó náà. Àwòrán inú ara mi tí mo ń wá kiri Àkúrẹ́ ló jẹ ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n yọ kókó mẹ́rin nínú ilé ọmọ mi, fibroid ni àwọn dókítà ń pè é. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, mo ṣe síkáànì, wọ́n sì fún mi ní bébà pẹlẹbẹ kan tí àwòrán rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ara mi yá, mo rí iṣẹ́ Wangechi Mutu, ọmọ ilẹ̀ Kenya, lórí fóònù. Ó kó àwọn àwòrán àtijọ́ tí àwọn oníṣègùn yà nípa kókó inú ilé ọmọ, ó lẹ àwọn àwòrán tó gé mọ́ wọn lórí, títí wọ́n fi di ojú obìnrin tí ń wo ènìyàn. Mo gbé bébà tèmi, mo wò ó. Funfun nínú dúdú ni síkáànì, funfun nínú aró ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sára aṣọ kí aró má baà mu ibẹ̀. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe.

Kí àwòrán náà má baà bàjẹ́, mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe lamínéètì, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbígbóná lẹ ọ̀rá mọ́ bébà, lójú ọ̀nà Ọba Adéṣidà. Nígbà tó fi máa jáde lódìkejì ẹ̀rọ, ó ti dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọn kì í fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́. Bébà náà fúnra rẹ̀ ló máa ń dúdú bí ooru bá kàn án, bíi ti rìsíìtì POS.

Ibi tí mo ti ṣe síkáànì ni mo kọ́kọ́ sáré lọ. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní, “Àǹtí, ẹ̀rọ wa kì í tọ́jú èyí tó bá ti pẹ́. Ẹ san owó míì, ká tún un yà.” Kí ló fẹ́ yà? Wọ́n ti gé àwọn kókó náà kúrò! Mo ṣàlàyé. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ.

Mo wá rántí pé ẹ̀dà kan wà nínú fáìlì mi nílé ìwòsàn tí wọ́n ti là mí. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́rú, ẹni tó ń mójú tó fáìlì lọ sípàdé. Lọ́jọ́rú, wọ́n gbé fáìlì náà síwájú mi, mo rí orúkọ mi lára rẹ̀. Bí mo ṣe nawọ́, ọkùnrin náà fà á sẹ́yìn: “Fáìlì kì í jáde, mà.” Mo ní n kò fẹ́ gbé e lọ, kí ó jẹ́ kí n fi fóònù ya ojú ewé kan ṣoṣo. Ó ní dókítà ló lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí di aago mẹ́ta. Nígbà tí dókítà yọjú, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní àdìrẹ. Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ló fẹ́ ró ilé ọmọ mọ́dìí?” Ó wọlé lọ.

Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju owó lọ. Èmi ni wọ́n là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni n kò fi lè gbé garawa omi. Àwòrán ohun tí wọ́n yọ lára mi wá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹlòmíràn, mo ń tọrọ ààyè láti wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Jo Spence, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó yé mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún un lọ́dún 1982, ó kọ ọ́ sára ọmú náà pé ti Jo Spence ni, ó fi àmì ìbéèrè sí i, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Mo ti rí fọ́tò yẹn tẹ́lẹ̀, mo kàn kọjá lára rẹ̀ ni. Àmì ìbéèrè yẹn ni n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tún lọ lẹ́yìn ìyẹn, lásán ni. Àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà ló wá sọ pé ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde lọ́dún 2018, pé ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ẹni wà nínú rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà ojú ewé kan, mo dárúkọ ìwé náà, mo sì ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n pè mí. Ìyá àgbàlagbà kan ló ṣí fáìlì náà. “Ọmọ mi, rọra yà á dáadáa.” Etí bébà náà ti ń pọ́n, ṣùgbọ́n kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì hàn. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo yà á.

Àdìrẹ fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà, ọwọ́ màmá mi ni mo ti kọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Mo kàn gé ìyẹ́ adìẹ tí mo fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ kó tín-ín-rín sí i nítorí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ inú síkáànì. Àwọn kókó tèmi dúdú ju ẹran ilé ọmọ tó yí wọn ká, nítorí náà n kò fi ẹ̀kọ kan ibẹ̀, mo sì rẹ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí aró lè mu wọ́n dáadáa. Nígbà tí mo họ ẹ̀kọ kúrò lára aṣọ kẹta, mo pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó. N kò tíì ṣe èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ká ní mo mọ̀ ni, inú ọgbà ibi tí mo ti ṣe síkáànì ni ǹ bá ti fi fóònù ya bébà náà, lábẹ́ ibòji, kí n tó wọ kẹ̀kẹ́. Inú àpòòwé ni ǹ bá fi sí, níbi tí oòrùn kò ti lè dé. Ní ti ilé ìwòsàn, lẹ́tà ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé lọ, n kò ní fẹnu bẹ ẹnikẹ́ni.

Mo ta àwọn aṣọ náà sára ògiri yàrá kan ní Alágbàká. Obìnrin kan dúró níwájú ìkejì, ó pẹ́ gan-an, ó ní ṣé òun lè fọwọ́ kàn án. Ó fi ìka ka àwọn kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní méje ni wọ́n yọ lára òun, òun kò sì rí àwòrán wọn rí. Mo mú ẹ̀dà lẹ́tà mi jáde nínú báàgì. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi fóònù rẹ̀ yà á.