Ẹ Má Tíì Sanwó Tuner Yẹn

Ó ti sú mi. Kò sí oṣù tí ẹnì kan kì í gbé tuner USB, ẹ̀rọ kékeré tí à ń kì bọ kọ̀ǹpútà láti fi gba tẹlifíṣọ̀n, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá òun fi ipá mú un ṣiṣẹ́. Mo gbà pé ẹ mọ Linux lò díẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí Tvheadend, sọ́fítíwíà tó ń pín tẹlifíṣọ̀n láti orí kọ̀ǹpútà, wà fún. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó lọ wádìí ná, kó tó padà wá.

1. Ríra tuner láì béèrè irú ìlànà ìgbéjáde tẹlifíṣọ̀n tó ń gbọ́. Èyí ló ń dùn mí jù. Pé wọ́n kọ "digital" gàdàgbà sára páálí, kí nìyẹn fẹ́ ṣe fún yín? Amẹ́ríkà ń lo ATSC, Brazil ń lo ISDB-Tb. DVB-T2 ni Nàìjíríà mú ní tirẹ̀. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìyípadà sí tẹlifíṣọ̀n digital ní Jos lọ́dún 2016, òun náà ló dé Èkó ní 2021. Ìwé ìlànà rẹ̀ wà ní gbangba lọ́dọ̀ ETSI, àjọ tó ń ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, EN 302 755 ni nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín á fi tuner olówó gọbọi ránṣẹ́ láti Houston, ATSC pọ́ńbélé! Kò sí driver, sọ́fítíwíà tó ń mú kọ̀ǹpútà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, tó lè mú un gbọ́ DVB-T2, torí inú chip tó wà lára rẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn ti ń wáyé. Bàbá kan ní kí n sáà wá sọ́fítíwíà míì fi sí i. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Bàbá gbé ẹrù wọn, wọ́n ní ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Èyí tó tún burú jùyẹn ni DVB-T lásán. Tuner tó ní chip RTL2832U kún ọjà, ó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n DVB-T àtijọ́ nìkan ló ń túmọ̀. Ẹ wá èyí tó ní chip Si2168 tàbí MN88473 lára. Àwọn kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọ́n ń fi RTL yẹn ṣe rédíò onísọ́fítíwíà, ẹ jẹ́ ká fi gba T2." Ìkànnì tẹlifíṣọ̀n wa fẹ̀ tó 8 MHz, nǹkan bíi 2.4 MHz ni RTL lè gbé láìjá. Ẹ máa fi tọpa bàálù.

2. Rírò pé níwọ̀n ìgbà tí ìlànà ti wà ní gbangba, ẹ ò ní sanwó ìkànnì mọ́. DVB-T2 ni GOtv náà. Tvheadend á rí i, á to orúkọ ìkànnì sílẹ̀ rẹrẹ, àmọ́ àwòrán ò ní jáde, torí wọ́n ti tì í pa. Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà àlùmọ̀kọ́rọ́yí.

3. Ẹ ò ka dmesg, àkọsílẹ̀ tí Linux ń kọ nípa ẹ̀rọ tí ẹ kì bọ̀ ọ́. Driver Si2168 wà nínú kernel, ọkàn Linux, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń wá fáìlì firmware, sọ́fítíwíà tí chip náà fúnra rẹ̀ ń lò, ní /lib/firmware. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o, fáìlì yẹn ni dmesg ń bèèrè.

Ẹ̀kẹrin àbí ẹ̀karùn-ún, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀: ṣájà fóònù tó ti gbó kọ́ la fi ń gbé Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí ọ̀pọ̀ ń fi Tvheadend sí. Bí iná ò bá tó, tuner á máa kú, á máa jí, ẹ ó sì máa bú Linux. TV HAT, tuner tí wọ́n ṣe fún Pi ní 2018, ń gbọ́ DVB-T2, kò gbọ́ ti díṣì rárá. DVB-S2 ni ti díṣì.

Ẹ má fi waya tó ti dípẹtà so ẹ̀rọ tuntun. Waya kún yàrá tèmi débi pé ìyàwó mi ń bi mí iye tí mò ń ta yáàdì kan, ṣùgbọ́n kò sí ìpẹtà lára wọn.

Ẹ sì fi password sí port 9981, ẹnu ọ̀nà tí à ń gbà wọ Tvheadend. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ò fi sí i, wáifáì rẹ̀ náà ò ní. Gbogbo ọmọ ojúlé kejì ló ń wo tẹlifíṣọ̀n lórí ẹ̀rọ rẹ̀, òun wá ń pe àwọn tó ń ta dátà fún un pé wọ́n ń jí òun ní íntánẹ́ẹ̀tì.